Ọsàn Wẹ́wẹ́ Mẹ́ta fún Kóòtù Toyyibah

Kóòtù kan ṣoṣo ni Toyyibah ní. Aláwọ̀ eérú. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, èyí tó wà láàárín kò jọ àwọn yòókù. Ìsọ̀ aṣọ òkìríkà lẹ́yìn Gáréèjì Ìkòròdú ló ti rà á, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi wò ó kó tó gbé e. Bó bá ti ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, á yọjú wo kóòtù. Ó dà bíi pé kóòtù náà ń yọjú wò ó.

Ó nílò rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, kò sì tíì sí ilé-ẹ̀kọ́ kan tó pè é ní tìṣà tiwọn. Ibi tó ti ń kọ́ wọn ni yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì ní Gáréèjì, níbi tí àwọn tó fẹ́ tún ìdánwò ṣe máa ń wá. Fèrèsé yàrá náà kì í tì. Bó bá ti ń ṣàlàyé lókè, agbèrò á máa ké nísàlẹ̀: "Ṣágámù! Ṣágámù kan ṣoṣo!" Ó ti bá Ṣágámù nínú ìwé ọmọ tó ń kọ orúkọ ásíìdì sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú kan náà ń wá tìṣà kẹ́mísírì. Iṣẹ́ tòótọ́, iṣẹ́ títí lọ. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Ajé, kó kọ́ kíláàsì àṣekágbá, kí pírínsípà jókòó sẹ́yìn kó máa wò ó. Bó bá wu pírínsípà, iṣẹ́ dé. Bí kò bá wù ú, Ṣágámù kan ṣoṣo.

Àkòrí méjì ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, nítorí tìṣà tó lọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ìdánwò sì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Èkíní, àmáìnì. Èkejì, agbára núkílíà.

Nígbà tí Toyyibah rí èkíní, ó rẹ́rìn-ín. Òun àti àmáìnì ti mọra tipẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ Ṣẹ̀rífátù sì ń ta ẹja níbẹ̀ títí dòní. Ẹja ọ̀sà, ẹja òkun, edé, akàn nígbà míì. Ní kékeré, Toyyibah á ti ru agbọ̀n ẹja dé ìsọ̀ kó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Á wẹ̀. Á fi kànhìnkànhìn ha ara bí ẹni ń ha ìkòkò. Síbẹ̀, bó bá jókòó lórí bẹ́ńṣì, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sún díẹ̀. Á tún sún. Ọmọ kan wà tó sún títí tó fi ṣubú lẹ́nu bẹ́ńṣì, wọ́n sì na Toyyibah pé òun ló tì í.

Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tó ṣí ìwé kẹ́mísírì, tó bá gbólóhùn kan níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmáìnì máa ń rùn bí ẹja. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò ó. Òórùn tó ti ń tẹ̀ lé e láti kékeré ní orúkọ! Kì í ṣe ègbin, kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Ọmọ àmóníà ni. Ó ní bàbá.

Bí ìfẹ́ òun àti kẹ́mísírì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yàtọ̀ sí ìgboyà. Nínú ọdún mẹ́sàn-án tó ti lò ní Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ ẹlẹ́ja ni. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni màmá rẹ̀ ń ṣe, á ní màmá òun ń ṣòwò. Òwò wo? Òwò náà ṣá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ó wọ kóòtù rẹ̀, ó gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè ṣàdúrà fún un. Ó yẹ kó bọ́ kóòtù náà sílé. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù tí ìyá ẹni kò bá rí, ṣé kóòtù ni?

Ṣẹ̀rífátù ń ha ìpẹ́ epìyà lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè.

"Ta nìyí? Ọ̀gá báńkì wo ló ṣìnà wọ ọjà ẹja?"

"Mọ̀ọ́mì, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mi ò mọ ẹsẹ̀ tí mo bí ni? Yí padà kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀." Toyyibah yí padà. "Alihamudulilahi. Ó bá ọ mu. Bọ́tìnnì àárín yìí ńkọ́, ta ló bí i?"

Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ náà tutù, ìpẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ọrùn ọwọ́. Toyyibah fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀ọ́mì, ẹ kọ́kọ́ ṣan ọwọ́."

"Kí n ṣan kí ni?"

Gbogbo ọmọ Ṣẹ̀rífátù ló mọ òfin yìí. Kì í ṣan ọwọ́ kó tó súre. Bó bá fẹ́ kírun, á ṣan án. Bó bá fẹ́ jẹun, á ṣan án. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ súre fún ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́, bó ṣe wà ni yóò gbé e lé e.

"Ọwọ́ yìí ló bọ́ ọ," ó ní. "Ọwọ́ yìí ló rán ọ nílé-ẹ̀kọ́. Bí mo bá ṣan án tán, ọwọ́ ta ni mo wá fẹ́ fi súre fún ọ? Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Toyyibah bẹ̀rẹ̀. Ó di ojú.

Pàá! Èjìká ọ̀tún. "O ò ní lọ lásán."

"Àmín."

Pàá! Èjìká òsì. "Ẹni tó máa wò ọ́ á rí ọ."

"Àmín, Mọ̀ọ́mì."

Nígbà tó lajú, ìpẹ́ epìyà ń dán lórí èjìká rẹ̀ méjèèjì bí àmì ọ̀gá ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ ti ń ki ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta bọ inú báàgì rẹ̀. "Kó ọsàn yìí lọ. Tó o bá délé, kó o—"

"Ìkòròdú, wọlé! Ó kù ẹnì kan!" ni ọmọ ọkọ̀ ń ké lókèèrè.

"Mo ti gbọ́, Mọ̀ọ́mì! Ẹ ṣeun, mà!" Ó ti ń sáré. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé nítorí ọ̀fun ni ọsàn náà, torí pé òun máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́la.

Nígbà tó délé, oòrùn ṣì wà lókè. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé bàsíà, ó mú ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ dúdú gidi, tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó sè, tó ń bó àwọ̀ ọwọ́ ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Kò fọ gbogbo rẹ̀. Èjìká méjèèjì péré. Ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó gbé e símú.

Òórùn náà ti jí.

Ṣáájú, ó rọra ń rùn ni, bí ẹja tó wà ní ìta kejì. Ní báyìí, ó ti wọ ilé. Toyyibah bu ọṣẹ sí i. Ó tún fọ̀ ọ́. Ẹja náà súnmọ́ tòsí. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo agbára bó o, ó ku díẹ̀ kí ẹja náà kí i.

Wùnmí, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, yọ orí síta. "Áńtí Tóyíbà, ẹ ń se ẹja ni?"

"Rárá o."

"Ó dáa, mà. Tó bá ti jiná, ẹ má gbàgbé mi."

Tìṣà kẹ́mísírì ni o. Ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Níwájú pátákó ni kẹ́mísírì Toyyibah ti máa ń ṣiṣẹ́. Nídìí bàsíà, ọmọ ẹlẹ́ja tó ń bẹ̀rù ni. Nígbà tó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé èjìká kóòtù náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ooru gbéra, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló wọ yàrá. Ọjà ẹja, ọkọ̀ ojú omi, àti apá kan Ejinrin.

Kò ní òmíràn. Ó wọ̀ ọ́.

Orúkọ pírínsípà náà ni Ìyáàfin Ọláwùmí Adéòjó. Obìnrin gíga, jígí lójú, tó máa ń ká ọwọ́ láyà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ó ti rẹ́rìn-ín rí, lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ó gbé àga sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó ṣí ìwé kékeré kan lórí itan, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ láyà.

Fáànù ń yí lókè. Fáànù kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó bu òórùn náà láti èjìká Toyyibah, ó ń pín in bí sàárà. Ìlà kìíní gbà tiwọn. Ìlà kejì. Toyyibah ń wò ó bó ṣe ń lọ: imú kan á ká kò, imú tó tẹ̀ lé e á ká kò. Ní ìlà kẹta, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yasir na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a máa ṣe pírátíkà lónìí ni?"

"Kí ló dé tó o fi bèèrè?"

"Mò ń gbóòórùn pírátíkà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Adéòjó kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì kúrú. Toyyibah mọ iye ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà.

Ó kọjú sí pátákó, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. *Àmáìnì àti ásíìdì: ó di iyọ̀.* Ó tún kọ ìlà kejì, èyí tó ti kọ nígbà àìmọye lókè ṣọ́ọ̀bù oníbátìrì. *Iyọ̀ náà àti álíkálì: àmáìnì padà wá.*

Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dúró.

Àmáìnì padà wá. Álíkálì. Omi eérú. Ọṣẹ dúdú! Òun fúnra rẹ̀ ló jí ẹja náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ̀ tí kò mọ ẹyọ lẹ́tà kan nínú kẹ́mísírì, kí ló máa ń fi ra ọwọ́ kó tó lọ kírun? Ọsàn wẹ́wẹ́. Láti ìgbà tí Toyyibah ti gbọ́njú. *Tó o bá délé, kó o—*

Kó o fi ọsàn pa á.

Ó yí padà. Báàgì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó lè ní inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń rùn, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n á gbà á gbọ́. Wọ́n máa ń gbà á gbọ́. Ó wo ọwọ́ tí Ìyáàfin Adéòjó ká láyà. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ òkú.

"Kò sí pírátíkà," ó ní. "Èmi ni mò ń rùn. Màmá mi ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ó súre fún mi lánàá, kò sì ṣan ọwọ́."

Ó na ìka sí èjìká kóòtù náà.

"Lẹ́yìn náà, èmi tìṣà kẹ́mísírì, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́."

Yasir ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Toyyibah náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé ó rọrùn.

"Ẹ súnmọ́ tòsí. Àmóníà, bàbá àmáìnì, náítírójìn kan ló ní, háídírójìn mẹ́ta sì rọ̀ mọ́ ọn bí ọmọ. Bí háídírójìn kan bá jáde, tí ẹbí kábọ́nù kan gba ipò rẹ̀, ó di àmáìnì, ipò kìíní. Bí méjì bá jáde, ipò kejì. Ti èjìká mi yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo náítírójìn náà. Ó ṣì mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ́wọ́ tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni pín. Ọ̀lawọ́ ni. Ó ń wá ẹni tó máa gbà á. Ta ló ń wá?"

"Ásíìdì, mà," ni ọmọbìnrin kan, Ìtẹ́olúwa, wí níwájú.

"Ásíìdì! Ó ń gbé háídírójìn tí kò ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan kiri bí ẹni ń wá ilé fún àlejò. Àwọn méjèèjì bá pàdé. Náítírójìn di àlejò yẹn mú, ó di iyọ̀, iyọ̀ kì í sì í fò. Ohun tí kò bá fò, imú wo ló máa gbọ́ ọ? Àfi tí álíkálì bá dé, bí ọṣẹ dúdú mi àná, tó já àlejò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmáìnì bá tún fò."

Ó gé ọsàn kìíní, tí omi rẹ̀ jẹ́ ásíìdì, sí méjì. Ó ní kí Yasir fún un sí èjìká ọ̀tún nìkan. Wọ́n dúró díẹ̀. Ìtẹ́olúwa fi imú kàn án.

"Kí lo gbọ́?"

"Ọsàn lásán, mà."

"Ti òsì ńkọ́?"

Ìtẹ́olúwa gbé imú síbẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn. "Ẹ̀pẹ́, mà!"

Láàárín ẹ̀rín náà ni àga dún lẹ́yìn. Ìyáàfin Adéòjó dìde. Ó rìn wá síwájú, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Àwọn ọmọ yà fún un. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn èjìká ọ̀tún. Ó yọ jígí, ó gbóòórùn ti òsì. Ó padà sórí àga, ó sì ká ọwọ́ láyà.

Toyyibah ní kí Yasir fún ọsàn kejì sí èjìká òsì, kí wọ́n lè rí èémí fi ka àkòrí tó kù.

"Mà," ni Yasir wí, bó ṣe ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, "bí a bá fún ọsàn sí yùréníọ́mù ńkọ́? Ṣé òun náà máa pa rọ́rọ́?"

Ó fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Toyyibah sì gbà á mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Átọ́ọ̀mù dà bí agbo ilé," ó ní. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé. Gbogbo ohun tí a ṣe láti àárọ̀, ọsàn, ọṣẹ, ẹja, ìjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ọsàn ò wọ ìyẹ̀wù rí. Ìyẹ̀wù ni ti núkílíà. Ibẹ̀ há, wọ́n sì fún mọ́ra wọn gan-an. Nínú oríṣi yùréníọ́mù kan, bí níútírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo bá ṣàdédé wọlé, ìyẹ̀wù náà á pín sí méjì. Tí ẹ bá kó gbogbo àfọ́kù rẹ̀ sórí ìwọ̀n, ó máa dín díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bín-ín-tín báyìí. Bín-ín-tín tó dín yẹn ló di agbára. Ó sì tún tú níútírọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta jáde. Níbo ni wọ́n ń lọ?"

Ó ní kí olúkúlùkù ya bébà kan, kó ká a rogodo méjì. "Ẹni tí bébà bá bà, kó ju méjèèjì tirẹ̀. Ẹni tí kò bá bà, kó jókòó jẹ́ẹ́."

Ó ju ẹyọ kan. Ó ba Ìtẹ́olúwa. Ìtẹ́olúwa ju méjì. Méjì di mẹ́rin. Mẹ́rin di mẹ́jọ, ni kò bá tún sí ẹni tó lè kà á mọ́. Bébà bo ojú fáànù. Ariwo ta. Ẹnì kan gun bẹ́ńṣì. Yasir ń ju ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀.

Bébà kan gba òkè lọ sí ẹ̀yìn. Ó lọ tààrà. Toyyibah rí i, kò sì lè pè é padà.

Ìyáàfin Adéòjó na ọwọ́ kan, ó hán an.

Ariwo dá. Pírínsípà wo bébà náà. Ó fi í sórí itan. Ó tún ká ọwọ́ láyà. Kò jù ú padà. Òmíràn bọ́ lu èjìká rẹ̀, ó mú òun náà, ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní. Yíká ibi tó jókòó, kò sẹ́ni tó ń ju nǹkan kan mọ́.

"Ẹ wò ó!" Toyyibah ti ké kó tó ronú. "Ẹ wò wọ́n! Ọ̀pá ìkóníjàánu nìyẹn! Nínú ilé agbára, wọ́n máa ń ki irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sáàárín yùréníọ́mù. Níútírọ́ọ̀nù tó bá bá a, á gbé e mì, kò ní dá ìkankan padà. Bí wọ́n bá fà á sókè díẹ̀, iná ràn. Bí wọ́n bá kì í wọlé, iná rọlẹ̀. Ooru yẹn ló ń se omi, omi di èéfín gbígbóná, ó ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fúnni níná. Láìsí ọ̀pá, ẹ rí ohun tí kíláàsì yìí dà. Eérú rẹ̀ ni ìṣòro. Ó máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí oró rẹ̀ tó tán, Yasir, kò sì sí ọsàn tó lè pa á."

Aago lù.

Nínú ọ́fíìsì, Ìyáàfin Adéòjó jókòó. Ó to rogodo bébà méjì náà sórí tábìlì. Toyyibah dúró, kóòtù tútù lọ́wọ́, ó ti ń gbọ́ Ṣágámù létí.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ju bébà lù mí."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ sì pè mí ní ọ̀pá."

"Ọ̀pá ìkóníjàánu, mà."

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn nílé-ẹ̀kọ́ yìí." Ó yọ jígí. "Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi rí." Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó fi kálàmù fagi lé ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn, ó sì kọ òmíràn sórí rẹ̀. "Ọsàn mélòó ló kù?"

"Ẹyọ kan, mà."

"Ẹ mú un wá. Ẹja dà sí ẹ̀yìn mọ́tò mi láti ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn, mo ti fi ọṣẹ bó o lẹ́ẹ̀mẹrin." Ó gba ọsàn náà, ó kì í sínú àpò. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ẹ wọ kóòtù yẹn wá."

Ní Sátidé, Toyyibah wọ̀ ọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, lẹ́tà iṣẹ́ ní àpò. Ṣẹ̀rífátù kò lè ka lẹ́tà náà. Ó gbà á, ó gbé e sókè síwájú oòrùn bí ẹni ń yẹ owó wò, ìpẹ́ sì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì.

"Mo sọ fún ọ kó o fi ọsàn pa á, o ò gbọ́."

"Ẹ ò sọ ọ́ tán, Mọ̀ọ́mì."

"Ta ló ń sáré lé bọ́ọ̀sì?" Ó dá lẹ́tà padà. Ó na ọwọ́ tútù méjèèjì. Nígbà náà ló dúró, ó wo èjìká kóòtù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Bọ́ ọ ná. O ò kúkú gbọdọ̀ rùn níwájú ọmọ ọlọ́mọ."

Toyyibah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ fi í síbẹ̀, Mọ̀ọ́mì. Ẹ gbá a dáadáa."